Ṣé O Mọ̀ Pé Láti Inú Ni Fèrè Idẹ Ti Ń Kú?

Ṣé o mọ̀ pé tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì tó ń dán gbinrin lọ́wọ́ afọnfèrè lè ti kú tán nínú? Òde rẹ̀ á máa kọ mànà, wàá rí ojú ara rẹ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pá, níbi tí ojú kò dé, idẹ ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ní Igbókòdá àti káàkiri etí omi Ìlàjẹ, níbi tí iyọ̀ ti ń bá atẹ́gùn rìn, tí ọ̀rinrin kì í sì í fi ilé sílẹ̀, ikú yìí máa ń tètè dé. Ẹni tó ń dán òde fèrè lójoojúmọ́ tí kò fọ inú rẹ̀ rí, òkú ló ń kun àtíkè fún.

Ṣé o mọ̀ pé idẹ kì í dá wà? Bàbà àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀ tó fi di idẹ. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, bàbà kó ìdá 70 nínú 100, síńkì kó 30. Bí bàbà bá gòkè dé 85, àwọ̀ rẹ̀ á máa fà sí ti wúrà. Bó bá dé 90, á pọ́n fẹ́ẹ́. Fi èyí sọ́kàn, nítorí ìyapa àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ṣé o mọ̀ pé òòfà kì í fa idẹ? Bí ẹnìkan bá na fèrè àlòkù sí ọ lọ́jà, tó ní ojúlówó idẹ ni, mú òòfà kékeré dání. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá rẹ̀ tàbí ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀, irin ni wọ́n fi nǹkan kùn. Sípíríǹgì àti ìdè wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lè jẹ́ irin, ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa ti ń da idẹ kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa? Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 jẹ́rìí sí i. Nígbà tí àwọn ará Pọtogí wá dé, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ tí wọ́n ń pè ní manilla wá fi ṣòwò, òwò ẹrú sì wà nínú rẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni idẹ inú àwọn ẹ̀gbà ayé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ti wá, ó sì bá idẹ inú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà Bìní mu. Ti pé idẹ ń fẹ́ ìtọ́jú, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ti mọ ìyẹn tipẹ́. Oríkì yèyé náà tilẹ̀ yìn ín pé ìtọ́jú idẹ rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú ti ọmọ.

Ṣé o mọ̀ pé sásófóònù, tó jẹ́ idẹ látòkè délẹ̀, kò sí nínú ẹbí fèrè idẹ? Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Faransé ní 1846. Pẹlẹbẹ esùsú kan tó ń gbọ̀n lẹ́nu afọnfèrè ló ń fún un ní ohùn. Ní ti tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, tọ̀rọ́ḿbóònù àti túbà, ètè ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn olùkọ́ orin lásán: ohun tí a fẹ́ sọ nípa fífi omi wẹ fèrè níwájú kò kan sásófóònù rárá. Àwọn awọ róbótó tó ń dé ihò rẹ̀ máa ń wú bí omi bá mu wọ́n, wọn kì í sì í padà sípò. Aṣọ gbígbẹ ni tirẹ̀. Bí ìwọ àti ẹni tó ń fọn sásófóònù bá ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara yín nínú ìjọ, bá mi kì í nílọ̀.

Ṣé o mọ̀ bí ọ̀pá tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ṣe gùn tó bí a bá tẹ́ ẹ gbọọrọ? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan àbọ̀. Ti tọ̀rọ́ḿbóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta. Ti túbà ńlá tó nǹkan bí mítà 5.5, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ká jọ kí ènìyàn kan lè gbé e mọ́ra. Ojú tìrẹ kò rí ju ìwọ̀nba ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀ lọ. Èyí tó kù, òkùnkùn ni.

Ṣé o mọ̀ pé omi tí afọnfèrè ń tú dà sílẹ̀ láàárín orin kì í ṣe itọ́? Àwọn ọmọdé máa ń yínmú sí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà náà máa ń sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Itọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Èémí wa gbóná, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá kan idẹ tó tutù jù ú lọ, á di omi, bí omi ṣe ń lé sára ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ti inú fíríìjì jáde. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyẹn mú ọ gbàgbé itọ́ kékeré náà. Ṣúgà inú mínírà tí o mu kí o tó bọ́ síta, èérún búrẹ́dì, òróró inú àkàrà, gbogbo rẹ̀ ló ń bá èémí wọlé. Wọ́n á di ẹrẹ̀ yíyọ̀ lára ògiri ọ̀pá, omi á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa mú un tutù. Fọ ẹnu rẹ kí o tó fọn. Bí kò bá sí búrọ́ṣì, fi omi yọ ọ́. Kò sí òróró kankan tó ń ṣe fèrè láǹfààní tó ìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ṣé o mọ ibi tí fèrè ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́? Ọ̀pá tó tẹ̀ lé ẹnu fèrè ni, èyí tí èémí kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni omi kọ́kọ́ ń dì sí, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́. Síńkì inú idẹ kò lè farada omi kíkan tó dúró pẹ́. Á máa yọ́ jáde, á máa fi bàbà nìkan sílẹ̀, bàbà náà á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá hàn sójú òde, àmì pupa róbótó lo máa rí, àárín rẹ̀ á dúdú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o fi nǹkan gbo ó kúrò. Láti inú ló ti jẹ ẹ́ wá síta. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, atúnfèrèṣe yóò gé ọ̀pá yẹn sọnù, yóò fi òmíràn sí i.

Ṣé o mọ̀ pé iyọ̀ máa ń mú ìyapa bàbà àti síńkì yìí yá kánkán? Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun sì ti ń jẹ láti ọdún pípẹ́, ìgbì ń fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ìkùukùu iyọ̀ á sì máa bá atẹ́gùn wọlé. Igbókòdá jìnnà sí etíkun díẹ̀, iyọ̀ inú atẹ́gùn rẹ̀ sì dínkù sí ti Ayétòrò. Ṣùgbọ́n fèrè kì í jókòó sójú kan. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé e láti jẹ́tì Igbókòdá lọ síbi òkú, síbi ìkórè, síbi ìyàsímímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ìletò etíkun, ó sì ń gbé e padà ní alẹ́ ọjọ́ náà tòun ti iyọ̀ lára. Ẹni tó bá ti òde bẹ́ẹ̀ dé, kó fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu òde fèrè, kó tún fi èyí tó gbẹ nù ún, kó tó tì í mọ́ inú àpótí. Bó bá di ọjọ́ kejì, iyọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Omi wo wá ni kí a fi fọ̀ ọ́? Ìbéèrè ńlá nìyẹn ní ilẹ̀ tí omi yí ká. Má lo omi odò, má lo omi ọ̀sà, má sì lo omi kànga tí o bá tọ́ ọ wò tó ní iyọ̀ tàbí tó ń fi àwọ̀ ilẹ̀ pupa sára garawa. Ohun tí ilé ní Ìlàjẹ ń gbè jọ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye, omi òjò, òun náà ló dára jù fún fèrè. Jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù dáadáa kí o tó gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí omi òjò rẹ̀ kò pọ̀ lè fi omi mìíràn tó mọ́ fọ̀ ọ́, kó wá tọ́jú ti òjò fún ṣíṣàn ìkẹyìn.

Ó yá, ká wẹ̀ ẹ́.

Wá ọpọ́n ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, kí o tẹ́ aṣọ ìnura sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí idẹ má baà ha. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o bù sí i, èyí tí o lè fi wẹ ìkókó láìbẹ̀rù. Omi gbígbóná á bó ọ̀dà tí ojú ń rí kọjá tí ilé iṣẹ́ fi bo idẹ, á sì fi ara fèrè sílẹ̀ ní àbàwọ́n-àbàwọ́n bí ẹni tó ní èèyi. Kán ọṣẹ olómi ìfọbọ́ díẹ̀ sí i. Má lo ọṣẹ lúbúlúbú, wóró rẹ̀ tí kò yọ́ á sá sínú fáàfù. Má lo ọṣẹ dúdú, omi eérú tí wọ́n fi sè é ti le jù. Bílíìṣì tí o fi ń fọ aṣọ funfun, má tilẹ̀ gbé ìgò rẹ̀ súnmọ́ ibẹ̀.

Yọ ẹnu fèrè kúrò. Yọ gbogbo ọ̀pá tó ń fà. Tú ìdérí fáàfù, fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o tò wọ́n sórí aṣọ mímọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà wà lára fáàfù kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3? Wọ́n kéré, àwọn mìíràn fara pamọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Bí o bá fi ìkẹta sí ilé ìkínní, wàá fọn títí, kò sí ohùn tí yóò jáde, nítorí ihò inú fáàfù kò kojú ihò inú ilé rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ fèrè tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ atúnfèrèṣe pé ó ti kú, àṣìtò ló ṣe é.

Ara fèrè àti àwọn ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni kí o rì sínú omi. Fáàfù kì í bá wọn wọ ọpọ́n, nítorí tìmùtìmù aṣọ kékeré tó wà lókè rẹ̀ máa ń wú bó bá mu omi, fáàfù á wá dúró sí ibi tí kò yẹ. Di orí rẹ̀ mú, da omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún. Fi èyí tó kù sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ẹrẹ̀ inú lè rọ̀.

Búrọ́ṣì gígùn tó ń tẹ̀, tó ní irun lórí, ni kí o wá tì bọ inú ọ̀pá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wàá rí ohun tí yóò jáde. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ nítorí àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́. Bí kò bá sí búrọ́ṣì yìí, má fi wáyà rọ́pò rẹ̀, má fi ọwọ̀ rọ́pò rẹ̀, má sì so aṣọ mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò já sí àárín ìkọrọ̀. Ohun tó bá há sínú ìkọrọ̀ túbà, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tí yóò jáde. Omi ọṣẹ tí o bá dà wọlé tí o sì mì dáadáa ṣe é fara mọ́ títí o fi máa rí búrọ́ṣì rà.

Fi omi òjò ṣàn án títí ọṣẹ kò fi ní hó mọ́. Gbé e dorí kodò, yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún, omi ìkọrọ̀ kì í tètè tán. Nu òde rẹ̀, kí o fi í sílẹ̀ sínú atẹ́gùn lábẹ́ òjìji títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ní nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì kò ní fáàfù rárá? Ètè nìkan ni afọnfèrè fi ń wá ohùn. Àwọn ará Jámánì méjì, Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ fáàfù ní Prussia ní 1818. Irú èyí tó wà lára tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì òde òní, François Périnet ló ṣe é ní Paris ní nǹkan bí 1838. Àyè tó wà láàárín fáàfù àti ilé rẹ̀ tínrín ju irun orí lọ. Ìdí nìyí tí eruku ọyẹ́ bíńtín fi lè dá gbogbo ẹgbẹ́ akọrin dúró láàárín orin ìyìn.

Òróró ló wà nínú àyè yẹn, òun ló ń dí i tí èémí kò fi ń jò. Ṣùgbọ́n òróró wo? Òróró ẹ̀pà àti epo pupa, rárá o. Òróró inú ọbẹ̀ máa ń ki bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, á di gọ́ọ̀mù, fáàfù á sì lẹ̀ pinpin. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ nípọn jù fún fáàfù tó ń lọ sókè sódò. Àwọn àgbà afọnfèrè kan ti fi kẹrosíìnì gbé ẹ̀mí ró, òótọ́ ni pé ó tínrín tó, àwọn òróró fáàfù tí wọ́n ń tà náà sì pọ̀ tó jẹ́ inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ti inú ìgò yẹn, wọ́n ti sẹ́ ẹ di mímọ́. Kẹrosíìnì inú jálá, èéfín rẹ̀ ni o ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró bí o bá mí sínú. Ra òróró fáàfù. Ìgò kékeré kan ń pẹ́. Má da oríṣi méjì pọ̀, àwọn mìíràn kì í bá ara wọn rẹ́. Fún àwọn ọ̀pá tó ń fà láti tún ohùn ṣe, Vaseline tí o fi ń para tó o. Àwọn ọ̀gá tọ̀rọ́ḿbóònù láyé àtijọ́ ń fi ìpara ojú Pond's kun ọ̀pá gígùn wọn, wọ́n á wá fọ́n omi sí i, ọ̀pá á máa yọ̀ bí ẹja.

Ṣé o mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ni púláyà fi ń ba fèrè jẹ́? Ẹnu fèrè tó bá há, má fi irin fà á, má fi òòlù lù ú, má sì jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára kankan bá ọ yí i. Ọ̀pá ìwọlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tínrín, òun ni yóò yí dípò ẹnu fèrè. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe fún un, atúnfèrèṣe ní i. Ọ̀nà tí kò fi ní há rárá ni kí o máa yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìlò, kí o má sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé.

Ṣé o mọ̀ nípa ọkùnrin tọ̀rọ́ḿbóònù tó wúkọ́ fún ọdún 15? Ní 2010 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Gbogbo oògùn ti sú u. Nígbà tí wọ́n wá yẹ inú tọ̀rọ́ḿbóònù rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò tí ojú kò rí níbẹ̀, wọ́n sì bá irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Ó ń fọn wọ́n jáde, ó ń fà wọ́n padà sí ẹ̀dọ̀fóró nígbàkúùgbà tó bá mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ fèrè náà déédéé, ara rẹ̀ sì yá. Ẹ̀yin olùdarí ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ ń jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin fọn ẹnu fèrè kan ṣoṣo, ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí. Ó kéré tán, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ láàárín ọmọ kan sí èkejì.

Ṣùgbọ́n ṣé bàbà kì í pa kòkòrò ni? Ó ń pa á, òótọ́ ni. Ní 2008, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé bàbà àti àwọn irin tí bàbà pọ̀ nínú wọn, tó fi mọ́ idẹ, ń pa kòkòrò àrùn láàárín wákàtí méjì. Ojú idẹ tó mọ́ ni wọ́n ń sọ. Kòkòrò tó dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ yíyọ̀ inú ọ̀pá kò fara kan idẹ rárá, ibùsùn ló rí.

Ṣé o mọ̀ pé Brasso tí wọ́n fi ń dán idẹ kò yẹ fún fèrè? Mo mọ̀ pé èyí yóò dun àwọn ọmọ Boys' Brigade, ẹgbẹ́ tó dé Èkó ní 1908, tí dídán idẹ ìgbànú jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ wọn. Idẹ ìgbànú nípọn, kò sì sí ọ̀dà lára rẹ̀. Idẹ ẹnu tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Lúbúlúbú ìgbo inú Brasso á kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò, á wá máa ha idẹ fúnra rẹ̀, gbogbo bí o ṣe ń gbo ó ni fèrè ń tán. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ńkọ́? Wọ́n ń ṣiṣẹ́, n ò purọ́. Dúdú ara idẹ á yọ́ lójú rẹ. Ṣùgbọ́n á tún fa síńkì ojú rẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí idẹ fi máa ń pọ́n lẹ́yìn rẹ̀, iyọ̀ tó bá kù sínú àwọn oríkèé á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kóòkù náà, kíkan ló wà nínú rẹ̀. Fi ọsàn àti iyọ̀ fọ agogo idẹ bó bá wù ọ́. Fèrè tó ní ọ̀dà lára, omi ọṣẹ àti aṣọ òwú ló tó o. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti bó, jẹ́ kó rí bí àgbàlagbà. Kò dí ohùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ̀ ẹṣin ti ba ọta ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ rí? Ní Íńdíà, nígbà òjò, àwọn ikarahun ọta tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ẹṣin, ń là fúnra wọn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ní 1921 ni àwọn olùwádìí ṣàlàyé rẹ̀: amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ń bá ọ̀rinrin wọ inú idẹ tí wọ́n ti fi agbára nà tẹ́lẹ̀, á sì là á. Fífà àti lílù ni wọ́n fi ń ṣe ara fèrè náà. Nítorí náà, yàrá tó fẹ̀yìn ti ilé ewúrẹ́ tàbí ilé adìẹ kọ́ ni kí o gbé e sí, bó ti wù kí àyè wọ́n tó.

Ṣé o rántí áńkáṣíìfù funfun ọwọ́ Victor Olaiya? Ọ̀gá tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì náà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níbi àsè ìjọba nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956, tí Fẹlá pàápàá bá ṣiṣẹ́ kí ó tó lọ sí London ní 1958, kì í fi áńkáṣíìfù yìí sílẹ̀ títí tó fi papò dà ní February 2020. Louis Armstrong, ọ̀gá tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, náà ní tirẹ̀. Òógùn ojú ni wọ́n fi ń nù lójú agbo, ṣùgbọ́n fèrè náà ń fẹ́ ẹ. Òógùn ọwọ́ ní iyọ̀ àti ohun kíkan nínú, ibi tí ọwọ́ òsì ti máa ń di tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì mú ni ọ̀dà sì ti ń kọ́kọ́ bó. Kí áńkáṣíìfù kan máa wà fún ojú, kí òmíràn máa wà fún idẹ.

Ṣé o mọ̀ pé òórùn ẹrẹ̀ etí omi lè mú fèrè dúdú? Èyí tí wọ́n fi fàdákà bò ni mo ń sọ. Inú ẹrẹ̀ dúdú àwọn igbó etí ọ̀sà, níbi tí ewé ti ń jẹrà láìrí atẹ́gùn, ni gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ti ń jáde, sọ́fọ̀ inú rẹ̀ ló sì ń sọ fàdákà di dúdú. Rọ́bà tí o fi di ìwé orin, tí o sì fi sínú àpótí fèrè, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èéfín ẹja yíyan náà kò gbẹ́yìn. Dé àpótí rẹ̀. Kó àwọn àpò kékeré oníwóró tí ń bẹ nínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀, wọ́n ń mu ọ̀rinrin.

Tí o bá ń wọkọ̀, fi ọ̀rá wé àpótí náà, má jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi ń jọ sí. Tó bá já sómi, tètè gbé e jáde, má dúró de ilé. Tú u, fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án lọ́jọ́ náà.

Máa fọ ẹnu fèrè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òróró fáàfù, nígbàkúùgbà tí o bá fẹ́ fọn. Ọ̀pá ìwọlé, kí búrọ́ṣì kọjá nínú rẹ̀ lóṣù. Ìwẹ̀ kíkún, láàárín oṣù kan sí mẹ́ta. Ẹni tó ń gbé etíkun gan-an, kó má jẹ́ kó ju oṣù kan lọ.

Bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ bá ti ń dá owó aṣọ ìkórè, dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó búrọ́ṣì inú fèrè kan àti ìgò òróró fáàfù méjì níbẹ̀, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn.